Bíríkìlà Tó Ń Gé Oògùn Rẹ̀

Bíríkìlà kan wà ní àdúgbò wa tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kì í ná lọ́jà. Bó ṣe sìmẹ́ǹtì, bó ṣe iṣu, á dúnàá dúrà títí ọlọ́jà á fi máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọjọ́ tí dókítà sọ fún un pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì kọ oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún un, kò dúnàá dúrà rárá. Oògùn náà wọ́n bí ojú. Ojú sì ń tì í láti sọ pé agbára òun ò ká a.

Ó wá ra bíléèdì. Ó ń gé oògùn náà sí méjì, ó ń lo ààbọ̀ lónìí, ó ń fo ọ̀la. Rọpárọsẹ̀ tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń fà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù ń bà á gan-an. Bó bá kọsẹ̀ díẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Á lọ wo dígí, bóyá ẹnu òun ti wọ́. Síbẹ̀, kò sọ fún dókítà.

Nígbà tó padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà wo èsì, ó mi orí.

"Bàbá, ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń lò ó?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Á jẹ́ pé kò ràn yín nìyẹn." Ló bá kọ èyí tó lágbára jù ú lọ, tó sì tún wọ́n jù ú lọ fíìfíì.

Háà! Bíríkìlà ká ìwé náà, ó fẹ́ kì í sápò. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá ló kígbe: "Dókítà, irọ́ ni! Gígé ló ń gé e. Agbára ẹ̀ ni ò ká a!"

Dókítà fi bírò sílẹ̀. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ torí ẹ̀ kú nìyẹn? Oògùn yín àkọ́kọ́ yẹn gan-an, ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe é. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì. Ẹ ò ṣáà bi mí."

Gbóyèga, àbúrò mi, mi ò wá kí ọ lásán. Mo rí bíléèdì lójú fèrèsé rẹ, mo sì rí ìyẹ̀fun oògùn lára rẹ̀. Bí o bá ṣubú, èmi ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Dìde, wọ bàtà rẹ, ká lọ bá dókítà. Bí ojú bá tì ọ́, èmi á sọ ọ́.