Ọ̀rọ̀ tí Ojúọlápé Fi Ṣọ́ Bodè Òkè-Ẹ̀lú

Ní ayé ogun ẹrú, ẹni tó bá sùn ní Òkè-Ẹ̀lú kò mọ ibi tí òun yóò jí sí. Àwọn akónilẹ́rú òdìkejì odò kì í gbé ogun wá ní gbangba mọ́. Agbọ̀n ni wọ́n ń rù, wọn a ṣe bí oníbàárà aró, wọn a jẹun lọ́dọ̀ wa, wọn a sì ti inú ìlú ṣí bodè fún ẹgbẹ́ wọn. Èdè wa ni wọ́n ń sọ, ilà ojú wa ni wọ́n kọ. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Nígbà tí wọ́n kó odindi àdúgbò kan lọ, Ẹlẹ́lú, ọba ìlú, pàṣẹ pé kí wọ́n ti bodè pa. Ẹnikẹ́ni tó bá tún sún mọ́ ọn, kí wọ́n ta á lọ́fà.

Gbogbo ìlú ló fara mọ́ àṣẹ yìí, àfi Ojúọlápé, aláró ọmọ aláró, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú tí inú rẹ̀ funfun. Àkàngbé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Òkè Ọya, kò sì tíì dé. Ta ni yóò dá a mọ̀ ní bodè? Ẹ̀rù bà á débi pé ó wọ ààfin lọ láìfọ aró ọwọ́ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ilẹ̀kùn tí ẹ tì mọ́ ọ̀tá, ọmọ yín náà lẹ tì í mọ́. Ẹ jẹ́ n fún àwọn oníbodè ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ wo ni ọ̀tá kò gbọ́ rí, ìyá aláró?"

"Pẹ̀ǹgẹ̀lúyẹ̀."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Balógun ní, "Ìyá, ṣé aró ti gun orí yín ni? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Kò ní ìtumọ̀. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣẹ̀dá rẹ̀ nígbà tí Àkàngbé wà ní kékeré. Bí mo bá ti wí i, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, á dákẹ́, kí n lè ráyè rẹ aró. Ẹ fi kọ́ gbogbo ilé. Ẹni tó bá bo ẹnu, tiwa ni. Ẹni tó bá dáhùn, ẹ mú un."

Ọba gbà, ó ní kí wọ́n tún ṣí bodè, ṣùgbọ́n kí Ojúọlápé fúnra rẹ̀ lọ jókòó tì í.

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn oníbàárà kan dé. Ọdẹ́jìnmí oníbodè kí wọn: "Pẹ̀ǹgẹ̀lúyẹ̀ o!" Ta ni ọmọlúàbí tí yóò gbọ́ ìkíni tí kò ní jẹ́? Kíá ni wọ́n dọ̀bálẹ̀: "Ọ̀ọ̀ o, bàbá! Ẹ kú iṣọ́!" Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá wọn. Nígbà tí a tú agbọ̀n wọn, ẹ̀wọ̀n àti idà ló kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń mú wọn láti ọjà dé ọjà, kò sì sí èyí tó padà lọ ròyìn ohun tó mú un. Nígbà tó yá, àwọn ará òdìkejì odò bẹ̀rù bodè wa, wọ́n gba ibòmíràn lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọkùnrin kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Irùngbọ̀n bo àyà rẹ̀, àpá ọgbẹ́ ti pa ilà ojú rẹ̀ rẹ́. Ojúọlápé wò ó títí, kò dá a mọ̀. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ bodè fa ọfà. Ìyá náà bá wí i: "Pẹ̀ǹgẹ̀lúyẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu bí ọmọdé, omijé sì ń gba àárín ìka rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Ẹ gbé ọfà yín sílẹ̀," ni Ojúọlápé wí. "Ọmọ mi ló dé."

Títí dòní, a kì í kí ọmọ Òkè-Ẹ̀lú tó ti ìrìn àjò dé ní "kú àbọ̀". Pẹ̀ǹgẹ̀lúyẹ̀ ni a ń wí, òun náà á sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ tí ìyàwó ilé bá kọ́kọ́ bo ẹnu láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí, ọjọ́ náà ló di ọmọ ìlú. Àwọn àlejò ṣì máa ń bi wá ní ìtumọ̀ rẹ̀, a sì máa ń ní kò ní. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan ní Òkè-Ẹ̀lú, tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, tí kò mọ̀ ọ́n.