Ẹfúnyẹmí, Àdí àti Omi Eérú

Ọ̀rọ̀ ti sú Ẹfúnyẹmí, ọlọ́ṣẹ ìlú Ìlápó. Láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń bi í pé, "Omi eérú ń bó ni lára, ọṣẹ tí a fi sè kì í bó ni. Kí ló dé?" Á ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ, kò ní yé wọn. Wúràọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, tiẹ̀ ti ki ìka bọ omi náà. Ẹ̀rù ń ba ìyá àgbà pé ọ̀kan nínú wọn yóò mu ún lọ́jọ́ kan.

Òun àti Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, ọlọ́ṣẹ agbo ilé kejì, bá wọ́ ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyánífá Fábùnmi.

Ìyánífá ní, "Ifá ní kí ẹ rúbọ, kí ikú má baà gba ojú ààrò wọlé. Ìkòkò àdí, apẹ̀rẹ̀ eérú, ẹyẹlé kan. Ẹ má gbé e lọ sí oríta o. Ojú àwọn ọmọ ni kí ẹ ti rú u. Ẹ fún wọn ní ọ̀pá gígùn, kí wọ́n rò ó. Bó bá bàjẹ́, kó bàjẹ́."

Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ dìde. "Àdí tó wọ́n bí ojú yìí ni kí n fún ọmọdé ṣeré? Pàṣán ń bẹ nílé mi. Ìyẹn náà tó àlàyé."

Ẹfúnyẹmí kò lágbára àríyànjiyàn. "Ìyá, mo ti gbọ́," ló wí. Ó rúbọ.

Ó kó àwọn ọmọ jọ. Ó ju ìyẹ́ ẹyẹlé sínú omi eérú tó ń hó. Ìyẹ́ náà yọ́ lójú wọn. Ó fi àdí pa wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi omi ṣan án, kò lọ. Wọ́n wá da méjèèjì pọ̀, wọ́n ń rò ó. Ìkòkò àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìyá àgbà mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí ìkejì dì, tó di ọṣẹ, wọ́n fi fọwọ́, ọwọ́ sì mọ́.

Wúràọlá ní, "Ìyá, omi eérú dà? Àdí ńkọ́?"

"Wọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ti gba ara wọn mú, wọ́n ti di ohun mìíràn. Ẹ ò lè ṣà wọ́n lọ́tọ̀ mọ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà."

"Bí omi eérú bá dá wà ńkọ́?"

"Ó ń pani."

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń dé omi eérú lórí.

Ní ilé Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, "Má fọwọ́ kàn án" nìkan ni àwọn ọmọ ń gbọ́. Òùngbẹ gbẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí igbá omi eérú, ó gbé e mu. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ.

Ọṣẹ Ẹfúnyẹmí kárí ọjà, àwọn ọmọ ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ìyá àgbà sì rí ibi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u sinmi. Ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ń tẹ́tí sí ohùn tí kò ní gbọ́ mọ́.