Ẹ́ńjìnnì Olóyè Ọlásebìkan

A kì í yọ̀ǹda ẹran ká tún di okùn rẹ̀ mú.

Ẹgbẹ́ kékeré kan ní abúlé wa ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé aláìsàn sọdá lọ sí ọsibítù lọ́fẹ̀ẹ́. Olóyè Ọlásebìkan fún wọn lówó, ó ní ẹ́ńjìnnì nìkan ni kí wọ́n fi rà.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé, olórí ẹgbẹ́, kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, Olóyè. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ló ń jò. Ẹ jẹ́ ká fi owó yìí ṣe ohun tó bá yẹ.”

“Gbogbo ayé á rí orúkọ mi lára ẹ́ńjìnnì. Ta ni yóò bẹ ìdí ọkọ̀ wò?”

Atukọ̀ ẹgbẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o, Olóyè!”

Wọ́n ra ẹ́ńjìnnì. Kí àsìkò òjò tó parí, pákó ìdí ọkọ̀ ti là. Wọ́n fa ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté, wọ́n ń wá owó pákó kiri.

Èbúté yẹn ni wọ́n gbé ìyá Olóyè dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń mí gúlegúle. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn, ìyá ti dákẹ́.

Nígbà tí Olóyè sáré dé, ó rí ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ tó ń dán lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò lè lọ.  

“Kí ló dé tí ẹ ò fi owó mi tún ọkọ̀ ṣe?”

Ìyá Abọ́sẹ̀dé na ìka sí orúkọ tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Olóyè wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni pé okùn ṣì wà níbẹ̀.