Ọwọ́ Tí Ó Tú Nínú Omi

Ọkùnrin kan wà tí ó pa irọ́ fún ọmọ rẹ̀ nínú omi. Ó ní òun kò ní tú u sílẹ̀, ó sì tú u. Ọmọ náà kò kú, kò sì farapa. Mo tètè sọ èyí kí o má baà máa retí òkú, kí o sì wá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré nígbà tí o kò bá rí i.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ náà, Mojírayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, láàárín àwọn apẹja, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé e wá sí ìlú olókè, ibi tí ọmọ lè dàgbà kí ó má rí omi tí ó ju ti inú garawa lọ. Nígbà tí ilé ìwé ọmọ náà sọ pé àwọn yóò máa kó àwọn ọmọ kéékèèké lọ kọ́ odò wíwẹ̀ ní ilé ìtura kan, inú bàbá yìí dùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń sọ fún àwọn òbí yòókù pé ọmọ òun kò nílò olùkọ́, pé àbímọ́ ni odò wíwẹ̀ nínú ìdílé àwọn. "Bàbá mi jù mí sínú ọ̀sà ni," ni ó máa ń wí, "mo sì wẹ̀ jáde."

Inú gbọ̀ngàn ni omi náà wà, lábẹ́ òrùlé. Táìlì búlúù ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi gba gbogbo ibẹ̀, bí ẹnìkan bá sì sọ̀rọ̀, ògiri a tún un sọ. Mojírayọ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú.

Obìnrin ni olùkọ́ wọn. Ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan bọ́ sínú omi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, níbi tí kò jìn. Òfin kan ṣoṣo ni ó fún wọn.

"Lónìí, a ò ní lúwẹ̀ẹ́ o," ni ó wí. "Ẹ di ọmọ yín mú. Ọmọ ló máa sọ pé kí ẹ tú òun sílẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́ títí tá a fi parí, kò burú. Ẹ ṣáà má tú u."

Àwọn ọmọ ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta á. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin kan ní kí bàbá òun tú òun sílẹ̀, ó sì ń ta omi kiri bí ó ti wù ú. Mojírayọ̀ kò ní kí bàbá òun tú òun. Ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Bàbá ọmọkùnrin yẹn yíjú sí wọn. "Bàbá Mojí! Ṣé omi ti gbàgbé yín ni? Ọmọ tèmi rèé o, tó jẹ́ pé kànga ni bàbá ẹ̀ mọ̀!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," ni ẹlòmíràn wí. "Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń pa níbi tí wọ́n ti wá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Mojí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í. Nígbà tí olùkọ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn láti tọ́jú ọmọ kan tí omi wọ̀ nímú, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí omi ti jìn díẹ̀.

"Dádì, ẹ má tú mi sílẹ̀ o."

"Mi ò ní tú ẹ."

"Ẹ ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí. Ṣáà na ẹsẹ̀ ẹ."

Ọmọ náà na ẹsẹ̀. Ó gbà á gbọ́ ni ó ṣe nà án. Bàbá rẹ̀ wo ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó o!" ó sì ká ọwọ́ kúrò.

Ó rì. Kò lu omi, kò pariwo. Ó kàn lọ sílẹ̀ ni, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e, olùkọ́ ti débẹ̀, ó ti fà á yọ. Ọmọ náà wúkọ́, ó bi omi díẹ̀, wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì wé e.

"Kò tó ká ka ení, èjì, ẹ̀ta," ni bàbá rẹ̀ ń wí. "Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó wẹ̀." Àwọn òbí yòókù tún rẹ́rìn-ín, nítorí pé ara tù wọ́n. Olùkọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ jẹun, ó ṣeré, kò sunkún. Bàbá rẹ̀ gbà pé ó ti tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé etí títì márosẹ̀ tí wọ́n máa ń sọdá lọ sí ilé ìwé. Bàbá na ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ náà wo ọwọ́ náà, ó sì kó tirẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Bàbá fẹ́ fi agbára mú un. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré wọ títì lọ ní òun nìkan. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ọ̀kadà kan gbá a. Ọlọ́kadà náà dúró, ó sì kígbe mọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá yìí, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín báyìí? Ẹ ò lè di ọmọ yín lọ́wọ́ mú!"

Ohun tí ọkùnrin náà wá ṣe ni pé ó na ọmọ. Ó nà án létí títì, ó tún nà án nílé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò fi di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Dádì máa tú mi sílẹ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé iná máa ń jóni. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ni ó ń mú un sọdá, bí iṣẹ́ bá sì gbé ìyá rẹ̀ jáde ní kùtùkùtù, ọmọ náà kì í dé ilé ìwé.

Ọkùnrin náà tẹ ìyá tirẹ̀ tí ó wà ní etí ọ̀sà láago láti fi ẹjọ́ ọmọ sùn. "Màámi, ọmọ yìí ya ojo. Bàbá jù mí sínú omi, ṣé mo kú ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ó jù ọ́?" ni ìyá arúgbó náà wí. "Okùn wà ní ìbàdí rẹ nígbà yẹn. Bàbá rẹ wà nínú ọkọ̀, ó di etí kejì mú. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ló fi dì í mú, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ń bó. Ìwọ fúnra rẹ lo ní kó tú u. Ṣé ìyẹn lo wá ń pè ní jíjù?"

Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ó tó wá sọ́dọ̀ mi, bí àwọn òbí ti máa ń wá gba ìmọ̀ràn, mo sì ní kó lọ bẹ ọmọ náà. "Èmi, sà? Kí n máa bẹ ọmọ ọdún márùn-ún?" ni ó wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó má ṣe é ní kọ̀rọ̀ yàrá, nítorí kò pa irọ́ náà ní kọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, o ní ọmọ rẹ kò ka ọ̀rọ̀ rẹ sí mọ́, o sì fẹ́ kí n bá a wí. Mo bi ọ́ pé kí ni o ti sọ fún un rí tí o kò ṣe, o dáhùn pé àwọn nǹkan kéékèèké ni, ọmọdé ni, ó ti gbàgbé. Ìwọ ni o gbàgbé. O ní abẹ́rẹ́ kò ní dùn ún. O ní wàá dúró lẹ́nu géètì nígbà tí ilé ìwé bá jáde, o sì jókòó síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. N kò ní bá ọmọ rẹ wí. Ohun tí ó rí lọ́wọ́ rẹ ni ó ń tẹ̀ lé. Ìwọ ni mo ń bá wí. Padà síbi tí o ti pa irọ́, kí o sì sọ níbẹ̀ pé irọ́ ni. Má mú bisikíìtì dání. Má sì rò pé bí o bá ti bẹ̀ ẹ́, ó di dandan kí ó dì mọ́ ọ.

Má tíì dìde. Ọkùnrin yẹn padà síbẹ̀. Gbogbo òbí pé sínú gbọ̀ngàn. Mojírayọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kò bọ́ aṣọ ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ dúró létí omi, ó ní kí wọ́n gbọ́ ohùn òun. Ẹnìkan bi í bóyá ìwàásù ló fẹ́ ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó síwájú ọmọ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Lọ́jọ́ tí ọmọ yìí rì, mo sọ fún yín pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó wẹ̀. Mo purọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má tú òun sílẹ̀, mo ṣèlérí fún un, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ tú u, kí ẹ lè yìn mí. Lẹ́yìn náà, mo nà án nítorí pé kò gbà mí gbọ́ mọ́. Mojírayọ̀, o ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò ní kó o fún mi lọ́wọ́ lónìí, mi ò sì ní ṣèlérí kankan. Jọ̀ọ́, má bínú."