Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀jẹ́nìyí

Abẹ ti wà lọ́wọ́ Abẹgúndé olóòlà. Ó ki àtàǹpàkò bọ ẹnu Ọ̀jẹ́nìyí, ó ń ti eéwo tó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ síta láti inú. Òógùn bo àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ni òwe yìí ti ṣẹ̀: “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Gbogbo wa la ń pa á. Ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ní ìlú Ìdí-Ọsàn, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Ẹnu. Lọ́jọ́ náà, ohun tó bá wu ẹnikẹ́ni ló lè sọ níwájú ilé Baálẹ̀. A kì í mú un, a kì í nà án. Wọ́n ti forin bú orí ńlá Baálẹ̀ rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbè é.

Lọ́dún kan, àwọn jàǹdùkú ká àwọn obìnrin Òkè-Ìrókò, ìlú tó wà nítòsí, mọ́ odò. Wọ́n pa mọ́kànlá, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn wọn. Ìlú náà àti Ìdí-Ọsàn ń jà sí ààlà oko nígbà náà. Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ẹnu bọ́ sí. Ọ̀jẹ́nìyí, ọmọ Ìdí-Ọsàn, jáde, ó ń jó, ó ń kọrin:

“Odò Òkè-Ìrókò pọ́n bí osùn,
Ẹ bá wa yọ̀, oko wa fẹ̀ sí i!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn ìjòyè ní kí wọ́n nà án.

“Ọjọ́ Ẹnu ni,” Baálẹ̀ dáhùn. “Bí a bá di ẹnu tirẹ̀ lónìí, ẹnu ta la ó dì lọ́la? Ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí n jókòó gbọ́ ọ.”

Ó dìde, ó wọlé. Àwọn èrò tú ká. Ọ̀jẹ́nìyí jó tirẹ̀ tán, ó ní òun borí.

Oṣù kò tíì tán tí eéwo fi yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun kékeré ni. Olóòlà yóò tú u kí ènìyàn tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n olóòlà kan ṣoṣo ló wà fún ìlú méjèèjì: Abẹgúndé, ará Òkè-Ìrókò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn mọ́kànlá náà.

“Èmi? Kí n na ọrùn fún abẹ ọkùnrin yẹn?” ni Ọ̀jẹ́nìyí wí.

“Lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń jó, ta lẹ rò pé yóò máa tú eéwo yín?” Ayọ̀ká ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ọ̀jẹ́nìyí fi ewé di eéwo náà, ó fi epo pa á. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, omi kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Ayọ̀ká kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba Òkè-Ìrókò lọ, ó kúnlẹ̀ fún olóòlà.

Bí àtàǹpàkò ṣe dé ẹnu Ọ̀jẹ́nìyí nìyẹn.

“Baba, ẹ má pa mí,” ló ń kùn.

“Bí mo bá fẹ́ kí o kú, ilé ni ǹ bá jókòó sí. Eéwo yìí ì bá ti bá mi ṣe é. Dákẹ́, kí ọwọ́ mi má yẹ̀.”

Ó tú u. Ó fún ọyún jáde, ó fi omi gbígbóná fọ ojú ọgbẹ́ náà.

“Kọrin, kí n wò ó bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti ń ṣí.”

“Orin wo, baba?”

“Ti Ọjọ́ Ẹnu. Wọ́n ní ohùn rẹ dùn. Mi ò sí níbẹ̀. À ń sin àbúrò mi lọ́wọ́.”

Ọ̀jẹ́nìyí ya ẹnu. Ẹnu náà là dáadáa. Orin kò jáde. Omijé ló jáde.

“Ó ti ń ṣí,” ni Abẹgúndé wí. Ó nu abẹ rẹ̀, ó dá a padà sínú àpò, ó sì lọ.

Àpá tí ì bá má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ fẹ̀ tó ìka méjì, nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ̀rù fi ṣòfò. Òun ni ará ìlú ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò pa Ọjọ́ Ẹnu rẹ́. Àwọn àgbà kì í sì pa òwe yìí fún ẹni tí òfin pa lẹ́nu mọ́. Ẹni tí òfin fún láàyè láti sọ ohun gbogbo, tí kò sì fún ara rẹ̀ ní òfin kankan, ni wọ́n ń pa á fún.