Ìdí tí iná tanátaná fi ń tàn, tó tún ń kú

Nígbà láéláé, nígbà tí tanátaná ṣì kéré ju eruku ẹ̀lùbọ́ lọ, iná ìdí rẹ̀ kì í kú. Tọ̀sán-tòru ló ń tàn, ó sì ń fi í yangàn gan-an ni.

Ara Ìyá Ọdán, igi ńlá tó wà láàárín igbó, ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún kan, Ìyá Ọdán bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé, ara rẹ̀ kò sì le mọ́.

Ẹyẹ Àkókó ló ń tọ́jú igi nígbà yẹn. Tirẹ̀ ni kó já ewé, kó fọ́ ọ, kó sì tọ́ omi rẹ̀ wò. “Mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é,” ni yóò wí, yóò sì tún já òmíràn. Ìyá Ọdán ń pá lórí lọ.

Inú bí tanátaná. “Bàbá Àkókó, ewé tẹ́ ẹ já ti kú kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò. Inú èyí tó wà láàyè lèmi máa wọ̀.”

Àkókó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ yìí? Omi inú ibẹ̀ á pa iná ẹ.”

“Kó pa á. Bí ìyá mi bá wó, ta ni mo fẹ́ máa tàn án fún?”

Ó gba ihò tí ewé fi ń mí wọlé. Yàrá kéékèèké ló kún inú ewé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi tirẹ̀. Ó mu ti àkọ́kọ́, ó dùn, iná rẹ̀ mọ́ rekete. Ó mu ti èkejì, ó kan, iná rẹ̀ ṣe bàìbàì. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ kò padà. Yàrá dé yàrá, ewé dé ewé, ó ń mu ún lọ.

Àkókó ń wò ó láti ìta, nítorí iná náà ń hàn lára ewé. Kò já ewé kankan mọ́. Ó rí i pé ẹ̀ka apá ìlà-oòrùn nìkan ni iná ti ń ṣe bàìbàì. Ó bá tọ ẹ̀ka náà lọ sí ìdí igi, ó sì bá Ọ̀yà níbẹ̀ pẹ̀lú igbá omi.

“Kí lò ń dà síbẹ̀?”

“Omi ẹ̀gẹ́ ni, èyí tó ń jáde bí mo bá rin ín tí mo gbé òkúta lé e. Mo rí i pé ilẹ̀ ìdí Ìyá ń gbẹ, mo wá ń bomi rin wọ́n láràárọ̀.”

Àkókó tọ́ ọ wò, ó kan. “Omi kíkan yìí ló ń pa Ìyá,” ló wí. Nígbà tí Ọ̀yà gbọ́, ó sunkún. Ó gbẹ́ kòtò omi ẹ̀gẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì ń pọn omi odò wá fọ gbòǹgbò náà, títí Ìyá Ọdán fi rúwé.

Tanátaná jáde. Omi tó mu ti sọ ọ́ di ńlá, kò lè wọ inú ewé mọ́ láé. Iná rẹ̀ tàn, ó kú, ó tún tàn.

“Ọmọ mi, iná rẹ ńkọ́?” ni Ìyá bi í.

“Ó ṣì ń ṣọ́ omi kíkan, Ìyá.”

Láti ọjọ́ náà ni iná tanátaná ti ń tàn, tó sì ń kú. Bẹ́ ẹ bá rí i tó bà lé ewé, ẹ má ṣe pa á. Ìyá rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò.