Ọ̀bẹ Ìyàwó Ọ̀yà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí ọ̀bẹ kan tó ti gbó. Ó dá lórí Ìjàpá, ó dá lórí Ọ̀yà tí ìyàwó rẹ̀ kú.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko kọ́ ahéré kan sídìí igi àràbà. Ilé Àlòkù ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò, ẹní, àdá, ohunkóhun tí olóhun kò bá lò mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tí kò ní á lọ mú un, á sì gbé ìdì igi kan wá dípò rẹ̀. Igi yẹn ni wọ́n fi ń dáná oúnjẹ àwọn ọmọ òrukàn. Ìyá Igbín ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Mú un kó o lò ó. Má mú un kó o tà á."

Nígbà tí ìyàwó Ọ̀yà kú, ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ọ̀yà kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kò wo ohun kankan lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ kò gbà á.

Iṣu tuntun jáde. Ọ̀yà mú ọ̀bẹ mìíràn, ó fẹ́ bẹ iṣu. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí ọ̀bẹ ìyàwó rẹ̀. Àtàǹpàkò obìnrin náà ti jẹ èèkù igi rẹ̀ wọnú, bí omi ṣe ń jẹ òkúta. Kò sí ibòmíràn tí ọwọ́ yẹn tún kù sí láyé.

Ọ̀yà gbé ìdì igi kan, ó di Ilé Àlòkù.

Ìjàpá ti débẹ̀ ṣáájú. Kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Lónìí, á ní ìkòkò òun fọ́. Lọ́la, á ní ẹní òun ya. Ohun tó bá sì mú, ìlú kejì ló ti ń lọ tà á.

"Bàbá Ọ̀yà, ẹ kú àárọ̀ o. Kí lẹ ń tú kiri bí adìyẹ tó ń wá ìjẹ?"

"Ọ̀bẹ ìyàwó mi ni. Bí mo bá rí i, kò sí ohun tí n kò lè fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀."

Ìjàpá wo inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀bẹ náà ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó rọra fi ewé bò ó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ máa lọ sílé. Màá bá yín wá a."

Nígbà tó délé, Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ fún un bó ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ògbólógbòó yìí? Ta ni yóò kó iṣu fún mi lórí rẹ̀?"

Ó yọ èèkù náà, ó fi tuntun sí i. Ó pọ́n ọ̀bẹ títí ó fi ń dán. Ìdì igi tó fẹ́ gbé lọ fún Ìyá Igbín kò pé, ló bá fi èèkù àtijọ́ náà kún un. Ó jù ú síbẹ̀, ó kọjá sílé Ọ̀yà.

"Mo rí i! Gbogbo iṣu inú àká yín ni ẹ ó kó fún mi."

Ọ̀yà kò jiyàn. Ó ṣílẹ̀kùn àká, iṣu jíjẹ àti iṣu gbígbìn. Ó na ọwọ́, ó gba ọ̀bẹ. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá ibi tó jẹ wọnú lára èèkù títí. Kò rí i.

"Èyí kọ́."

"Òun ni! Mo fi ìyá mi búra. Mo kàn tún un ṣe ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Igi rẹ̀ dà?"

"Èwo ni ti igi? Irin mà ni ọ̀bẹ!"

"Irin ń bẹ lọ́wọ́ gbogbo alágbẹ̀dẹ. Igi rẹ̀ dà?"

Ìjàpá ní, "Ó… ó wà nínú igi ìdáná Ìyá Igbín."

Ọ̀yà ti àká rẹ̀, ó sáré lọ sí Ilé Àlòkù, Ìjàpá ń tẹ̀ lé e nítorí iṣu. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Igbín kì í yára. Ó ti tú ìdì igi, ó ti mú èèkù náà dání, ó ń gbé e lọ sẹ́nu iná díẹ̀díẹ̀. Ọ̀yà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ro ẹjọ́.

Ìyá Igbín ní, "Ìjàpá, ìkòkò tó o ní ó fọ́ ńkọ́? Ẹní tó o ní ó ya ńkọ́?"

Ìjàpá fa orí wọnú ìkarawun rẹ̀. Àwọn ẹranko lọ sílé rẹ̀, wọ́n kó gbogbo èyí tí kò tíì tà padà, wọ́n sì kó ẹrù tirẹ̀ dípò èyí tó ti tà, títí kan ẹní tó ń sùn lé. Láti ọjọ́ náà, Ìjàpá kò ní ẹrù kankan mọ́ ju ilé tó pọ̀n sẹ́yìn lọ.

Ọ̀yà fi ọ̀bẹ dídán náà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Ó mú igi rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀bẹ mìíràn ló fi bẹ iṣu rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Igi yẹn wà lórí itan rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ohun tí a kó jọ fún aláìní, ẹ má sọ ọ́ di ọjà. Ohun tí ẹ kò bá mọ ọwọ́ tó lò ó, ẹ má dá iye lé e. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń kó ẹrù òkú jáde, ẹ rọra.

Bí mo bá parọ́, kí ọ̀bẹ ilé mi kọ iṣu.